Kíláàsì Látìnì ọjọ́ Sátidé ní Gárúkì, Abuja: owó wa kò wọgbó, àmọ́ ìwé wọn kù díẹ̀ káàtó

₦15,000 ni wọ́n ń gbà fún ìpele kejì, ìyẹn ìpele àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí kì í tẹ̀lé ìlànà. Ìpele kìíní lọ́tọ̀, owó tirẹ̀ náà lọ́tọ̀. Mo ti ṣe méjèèjì tán. Láàárín àwa Yorùbá tí a wà ní Abuja, pàápàá àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ kọ́ọ̀tù tàbí tí a ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì, ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni pé, "Ṣé kíláàsì yẹn tiẹ̀ wúlò, àbí wọ́n kàn ń kówó èèyàn?" Ó wúlò. Ẹni tí ìyẹn bá ti tó lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti dùn mí, màá sọ ìyẹn náà.

N kò ní dárúkọ olùkọ́ wa, n kò sì ní sọ nọ́ńbà ilé. Bàbá fúnra wọn ló ní kí n má ṣe é. Wọn kì í gbà ju èèyàn méjìlá lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí èrò máa wọ́ tẹ̀lé àwọn lọ́jọ́ ogbó. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Gárúkì ni, lórí òkè ilé kan tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì nísàlẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé kọ́ọ̀tù èyíkéyìí tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á júwe rẹ̀ fún yín.

Akọ̀wé ni èmi náà, ní ọ́fíìsì àwọn lọ́yà kan ní Wuse 2. Ìwé ni mò ń tẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́: afidáfíìtì, ìwé ìpẹ̀jọ́, ìwé kòtẹ́milọ́rùn. Látìnì tí ìka mi ti tẹ̀ kọjá kékeré. Mo mọ̀ pé l méjì ló wà nínú nolle prosequi, mo sì lè tẹ volenti non fit injuria kí n má wo kíbọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ Àìkú, màá tún lọ kọ ọ́ lórin ní Kubwa, láàárín àwọn obìnrin olóhùn ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tí wọ́n bá ní kí n tọ́ka sí ọ̀rọ̀-ìṣe nínú gbogbo rẹ̀, ojú ni màá máa wò. Ohun tó gbé mi dé Gárúkì nìyẹn.

Ọmọ Kabba ni Bàbá. Sẹ́mínárì ni wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn tó ń múra àtidi àlùfáà ní Látìnì, lókè Ọya níbí, kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Ṣọ́ọ̀kì funfun àti bọ́ọ̀dù dúdú ni wọ́n ń lò, wọn kì í wo apá ibi tí onílé gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kọ́ sí. Àwọn tí a jọ wà níbẹ̀ nígbà tèmi ni àwọn lọ́yà kéékèèké tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Law School ní Bwari, àwọn akọrin díẹ̀, ọmọkùnrin kan láti Kafanchan tó fẹ́ wọ sẹ́mínárì, àti àgbà òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì kan tó ní ìgbà tí òun wà ní fọ́ọ̀mù kejì ni wọ́n yọ Látìnì kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán lọ́kàn òun.

Ẹni tó bá ti fojú kan ìwé Látìnì rí yóò rántí amo, amas, amat (mo fẹ́ràn, o fẹ́ràn, ó fẹ́ràn). Ìpele kìíní ni ìyẹn, àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe onígbọràn: ẹ mọ ọ̀kan, ẹ ti mọ ẹgbẹ̀rún. Ní ìpele kejì, gbólóhùn márùn-ún ni Bàbá kọ sí bọ́ọ̀dù kí wọ́n tó kí wa dáadáa: Delegatus non potest delegare. Volenti non fit injuria. Actus non facit reum nisi mens sit rea (ìwà nìkan kì í sọni di ẹlẹ́bi àfi tí ọkàn náà bá jẹ̀bi). Nemo dat quod non habet (kò sẹ́ni tó lè fúnni ní ohun tí kò ní). Nolle prosequi. Gbogbo rẹ̀ ni àwọn lọ́yà mọ̀ bí ẹni mowó. "Ó dáa," ni Bàbá wí, "ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe." Ibẹ̀ ni ariwo ti rọlẹ̀. Nígbà tí a fa ìlà náà tán, Bàbá wá fi ṣọ́ọ̀kì yí potest ká, wọ́n yí volenti àti fit ká, wọ́n yí sit ká, wọ́n yí dat ká, wọ́n yí nolle ká. Kò sí èyí tí olóríkunkun kò sí nínú rẹ̀ nínú gbogbo gbólóhùn náà.

Olóríkunkun, orúkọ tí Bàbá fún wọn nìyẹn. Ìdí tí wọ́n fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ lò, ọmọdé á gbàgbé bí àwọn àgbà ṣe ń pè é, á fà á wọ inú ìlànà tó ti mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ láti ìdájí, bíi ti wíwà, lílọ, fífẹ́, gbígbé, jíjẹ, kò sí àyè àtigbàgbé rẹ̀, nítorí náà ó ń gbé àwọ̀ àtijọ́ rẹ̀ kiri láti ìran dé ìran. Ìdí nìyí tí àwọn olóríkunkun fi kéré níye, tí kò sì sí ojú ìwé Látìnì kan tí ẹ ó ṣí tí ẹ kò ní bá wọn pàdé. Ìgbà tí mo gbọ́ ìyẹn ni mo dákẹ́ ìráhùn pé wọ́n kàn ń fi wọ́n dá wa lágara.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sum, ọ̀rọ̀ wíwà. Àwa Yorùbá ń sọ pé mo lọ, o lọ, ó lọ, a lọ, ẹ lọ, wọ́n lọ. Lọ kò mira. Gbogbo ẹni tó ń gbé Abuja ló gbọ́ Hausa tó láti mọ na zo, ka zo, ya zo, ta zo. Zo jókòó sí ipò rẹ̀, èyí tó wà níwájú ló ń pààrọ̀ aṣọ. Bàbá fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n wá ní Látìnì gbé gbogbo ẹrù yẹn lọ sí ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀. Ẹ kò nílò "mo" tàbí "wọ́n". Ìdí ọ̀rọ̀ ti sọ fún yín. Sum, es, est, sumus, estis, sunt. Wọ́n pín wa sí ọ̀nà méjì, apá kan ń dá a, apá kejì ń gbè é, títí tí ẹni tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì nísàlẹ̀ fi ń bá wa gbè é. Ìgbà tó kan eram, eras, erat, ìyẹn wíwà ti àtijọ́, àwa akọrin ni a kọ́kọ́ mú un, torí sicut erat in principio, bó ti wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ti ń jáde lẹ́nu wa láti kékeré. Sit náà, èyí tí wọ́n fi ń sọ ohun tí kò tíì dájú tàbí tí a fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, àwọn lọ́yà ló mọ̀ ọ́n láti ara nisi mens sit rea. Fui, èyí tó jẹ́ ti ohun tó ti kọjá, kò jọ sum rárá: gbòǹgbò mìíràn ló ti wá, ó wá ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti possum, ìyẹn "mo lè", fínnífínní, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé Bàbá mọ iṣẹ́. Wọn kò kọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ fún wa kí a máa há a sórí. Pot ni wọ́n kọ sí apá òsì bọ́ọ̀dù, wọ́n to sum àti àwọn arákùnrin rẹ̀ sí apá ọ̀tún, wọ́n ní kí àgbà òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì yẹn máa so wọ́n pọ̀. Pot pẹ̀lú es, potes. Pot pẹ̀lú est, potest, òun gan-an ló wà nínú delegatus non potest delegare, pé ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kò lè tún fi iṣẹ́ náà rán ẹlòmíì. Ó ń lọ geere. Nígbà tó kan pot pẹ̀lú sum, wọ́n pè é ní potsum, ahọ́n wọn kọ́lẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pè é bí ẹni tí ajá ń lé," ni Bàbá wí. Wọ́n ń pè é, wọ́n ń sáré sí i, kò pẹ́ tí t fi rá mọ́ s lẹ́nu wọn: possum. Ẹnikẹ́ni kò sọ òfin kankan, àmọ́ gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n. Ibi tí s bá ti tẹ̀ lé e, t á di s: possum, possumus, possunt. Ibi tí e bá ti tẹ̀ lé e, t á dúró gbọin: potes, potest, potestis, poteram, potero. Ọmọ Kafanchan bá ní, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ti àtijọ́ á jẹ́ potfui. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní rárá o, potui ni, ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn tó ti kú ló fi í sílẹ̀ lọ. Mo lọ wo ìyẹn lẹ́yìn náà, òótọ́ ni.

Ọjọ́ volo, nolo àti malo ni mo gbádùn jù. Volo, vis, vult, volumus, vultis, volunt: ohun tí a fẹ́ nìyẹn. Ẹ fi "kò" sí i níwájú, ó di nolo, àmọ́ ẹ wo bó ṣe ń ṣe: nolo, non vis, non vult, nolumus, non vultis, nolunt. Lọ́yà kan béèrè pé kí ló dé tí wọ́n so àwọn kan pọ̀ tí wọ́n fi àwọn kan sílẹ̀. Bàbá ní kí á wò ó fúnra wa. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú vol, wọ́n gbé vo mì. Ibi tó bá ti jẹ́ vis tàbí vult, kò ṣeé gbé mì. Yorùbá wo ni ìyẹn máa yà lẹ́nu? Ṣebí àwa ni a ń sọ "ní ilé" di nílé, tí a ń sọ "ṣe iṣẹ́" di ṣiṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì fìyà jẹ wá. Malo ń tọ ojú ọ̀nà kan náà, ohun tí a fẹ́ ju òmíràn lọ: malo, mavis, mavult, malumus, mavultis, malunt.

Nolle wá dé. Lábẹ́ abala 174 ìwé òfin ọdún 1999, Agbẹjọ́rò Àgbà Ìjọba Àpapọ̀ lè dá ẹjọ́ ọ̀daràn dúró nígbàkígbà kí ìdájọ́ tó wáyé. Abala 211 fún ti ìpínlẹ̀ ní agbára kan náà. Nolle prosequi ni àwọn lọ́yà ń pè é, wọ́n sì ti gé e kúrú débi pé nolle nìkan ló kù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Bwari yẹn ní, "Sà, ní kọ́ọ̀tù, a máa ń sọ pé AG, Agbẹjọ́rò Àgbà, ti wọ nolle." Bàbá wò ó. "Ọmọ mi, àìfẹ́ nìkan lo wọ̀ lọ síwájú adájọ́ yẹn. O ò tíì sọ ohun tí o ò fẹ́ ṣe." Ilé dàrú. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló wà níbẹ̀, àti pé èkejì, prosequi, ló ń gbé ẹjọ́ lọ síwájú. Nínú nolo yìí kan náà ni wọ́n ti ń yọ "má ṣe": noli fún ẹnì kan, nolite fún ọ̀pọ̀. Jésù wí fún Màríà ní ibojì pé noli me tangere, má ṣe fọwọ́ kàn mí. Èyí tí Bàbá wá kọ sí bọ́ọ̀dù fún àwọn lọ́yà ni nolite iudicare, ẹ má ṣe dáni lẹ́jọ́, láti inú Mátíù orí 7. Wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀ títí a fi ṣíwọ́.

Fero gba ọ̀sán odidi kan, ó sì tọ́ sí i. Fero, mò ń gbé e. Tuli, mo ti gbé e. Latum, èyí tí wọ́n ti gbé. Lójú, mẹ́ta tí kò mọ ara wọn rí ni. Bàbá wá tú u wò fún wa pé tuli àti latum bá ara wọn tan láti ìpilẹ̀, àwọn àti tollo, èyí tí a ń kọ nínú Agnus Dei, orin Máàsì, qui tollis peccata mundi, ìwọ tó ń kó ẹ̀ṣẹ̀ ayé lọ. Fero nìkan ni àlejò. Tollo alára kò ní ti àtijọ́ tirẹ̀, sustuli ló ń lò, ẹ wá wò ó, ó lọ yá aṣọ lọ́wọ́ ẹbí. Àwa òṣìṣẹ́ Abuja sì ti ń lo fero láìmọ̀: ìwé transfer tí wọ́n fi ń gbé òṣìṣẹ́ ìjọba lọ sí Lọ́kọ́ja, àti translation tí ògbufọ̀ ń ṣe ní kọ́ọ̀tù, ọ̀rọ̀-ìṣe yìí kan náà ló bí wọn, ọ̀kan láti ara fero, ìkejì láti ara latum. Refer àti relate rí bẹ́ẹ̀ náà. Wọ́n tún ní kí á máa fi ọwọ́ lu tábìlì sí dic, duc, fac, fer (sọ, darí, ṣe, gbé), àwọn mẹ́rin tí wọ́n máa ń já e ìdí wọn sọnù tí a bá ń fi wọ́n pàṣẹ.

Fio ló pa wá lẹ́rìn-ín jù. Òun ni wọ́n ń lò dípò facio, ọ̀rọ̀ ṣíṣe, nígbà tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣe nǹkan ọ̀hún tàbí pé ó ṣẹlẹ̀. Volenti non fit injuria, ẹni tó gbà fún un, a kò ṣẹ̀ ẹ́. Fiat tí Agbẹjọ́rò Àgbà máa ń fún lọ́yà aládàáni kó lè ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn lórúkọ ìjọba, òun náà ni. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì ní fiat lux, et facta est lux, kí ìmọ́lẹ̀ wà, ìmọ́lẹ̀ sì wà, fio lẹ́ẹ̀mejì nínú ìlà kan, ọ̀kan ń pàṣẹ, ọ̀kan ti ṣẹ. Bàbá wá kọ fieri facias. Kò sẹ́ni tó mì. "Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀wé, ṣé ẹ kò mọ èyí?" Mo wò ó títí, àfi bí ẹni tí ojú rẹ̀ là: fifa! Ìwé àṣẹ tí bélíìfù máa ń gbé lọ láti fi kó dúkìá ẹni tí kò san gbèsè tí kọ́ọ̀tù dá fún un. Fi ti fieri, fa ti facias. Gbogbo ọdún tí mo ti ń tẹ "writ of fifa", bọ́ọ̀lù ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Eo, ọ̀rọ̀ lílọ, wọn kò pẹ́ lórí rẹ̀. Eo, is, it, imus, itis, eunt. Ite, missa est, tí àlùfáà fi ń ní kí á máa lọ níparí Máàsì; exit tí wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé ìtajà ńlá ní Abuja. Ó ti tó.

Ó kan ohun tó dùn mí. Ìwé tí wọ́n ń pín fún wa kò ní àmì gígùn kankan lórí fáwẹ́lì. Látìnì ní fáwẹ́lì kúkúrú àti gígùn, ọ̀rọ̀ sì máa ń yàtọ̀ nítorí rẹ̀. Est tó jẹ́ ti sum kúrú. Ēst tó jẹ́ ti edo, ọ̀rọ̀ jíjẹ, gùn. Nínú ìwé wa, méjèèjì rí bákan náà, wọ́n wá kọ puer panem est síbẹ̀. Lójú ẹni tí kò fara balẹ̀, ọmọ ti di búrẹ́dì. Mo sọ fún Bàbá. Wọ́n ní m tó wà nídìí panem ti tó láti jẹ́ kí n mọ̀ pé jíjẹ ni, àti pé àwọn ará Róòmù fúnra wọn kì í sábà kọ àmì yẹn, àfi ìlà kékeré tí wọ́n máa ń fín sórí fáwẹ́lì gígùn lára òkúta nígbà míì. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ará Róòmù mu tiẹ̀ mọ́ wàrà ìyá rẹ̀. Kubwa ni wọ́n ti bí àwọn ọmọ mi. Venit ńkọ́, níbi tí kò sí m kankan tó máa yọni? Tó bá kúrú, ẹni náà ń bọ̀. Tó bá gùn, ó ti dé. Ní kọ́ọ̀tù, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹlẹ́rìí tó ń bọ̀ àti ẹlẹ́rìí tó ti dé kì í ṣe kékeré. Ọmọ Yorùbá tó mọ ohun tí àìsí àmì ohùn ń fojú wa rí kò yẹ kó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kódà lọ́wọ́ ọmọ Kabba. Fọ́tòkọ́pì rẹ̀ tún ṣá. Ojú ìwé tí edo wà nínú tèmi, òjìji rẹ̀ ni mo rí.

Edo yìí gan-an ni wọn kò kọ́ wa dáadáa. Wọ́n fẹnu bà á lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n sì já a dà nù pé kò sí ní kọ́ọ̀tù, kò sí ní Máàsì. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sáré kọjá àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe aláàbọ̀ ara: inquit, tí wọn kì í lò ju fún "ó ní" lọ, memini (mo rántí) àti odi (mo kórìíra), tí wọ́n gbé àwọ̀ àtijọ́ wọ̀ ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé òní ni wọ́n ń sọ. Ó ṣe mí láàánú, torí ọmọbìnrin kan nínú àwọn akọrin ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Yorùbá ní tirẹ̀: dà àti ńkọ́. "Owó mi dà?" "Màmá ńkọ́?" Inú ìbéèrè nìkan ni wọ́n ń gbé, ẹ kò lè fi wọ́n dáhùn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni à bá jókòó tì. Bàbá yìn ín, wọ́n sì ní kí á máa lọ.

Ọ̀ràn bí wọ́n ṣe ń pè é náà wà. Bàbá ń pè é bí wọ́n ṣe ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn lọ́yà ń pè é bíi Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń kọ́ Látìnì àtijọ́ ní yunifásítì sì ń pe v bí w, wọ́n ń pe c bí k níbi gbogbo. Bàbá ní kí kálukú pe tirẹ̀ níbi tó bá ti jẹ́ tirẹ̀. Mo fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá dìde ní kọ́ọ̀tù ní Maitama tó pe nolle prosequi bí ará Róòmù, adájọ́ á ní kó tún un sọ. Ohun tí n kò fara mọ́ ni gbọ̀ngàn WhatsApp wọn, tí wọ́n ní a ó ti máa gbọ́ ohùn Bàbá lórí rẹ̀. Ohùn Bàbá wà níbẹ̀ lóòótọ́, lábẹ́ "ẹ kú ọjọ́ tuntun" àti àwòrán òdòdó ọgọ́rùn-ún.

Àwọn kan á ní, ṣebí gbogbo rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wà. Ẹ lọ sí Wiktionary, ìwé atúmọ̀ èdè orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ fero, ẹ wá ti Látìnì lójú ìwé náà, ẹ ṣí tábìlì rẹ̀: gbogbo ojú tí ọ̀rọ̀-ìṣe náà ní ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì gígùn tí Bàbá kò fún wa. Mo ń lò ó, ó sì dára ju ìwé wọn lọ. Àmọ́ ojú tí ọ̀rọ̀-ìṣe Látìnì kan ní lé ní ọgọ́rùn-ún, tábìlì sì ń kó gbogbo rẹ̀ dà sí yín lára pọ̀ láìsọ èyí tí ẹ ó bá pàdé lọ́la àti èyí tí ẹ lè má rí títí ẹ ó fi kú. Tábìlì mọ potest. Kò mọ̀ pé mo ti tẹ̀ ẹ́ lánàá. Iṣẹ́ tí Bàbá ń ṣe nìyẹn, pé kí wọ́n mú èyí tó ti wà lẹ́nu wa, kí wọ́n fà á títí tí àwọn arákùnrin rẹ̀ á fi tẹ̀ lé e jáde. Ìyẹn ni mo sanwó fún, n kò sì kábàámọ̀ kọ́bọ̀.

Akọrin, akọ̀wé kọ́ọ̀tù, ọmọ Law School, ẹni tó fẹ́ wọ sẹ́mínárì: ẹ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó ka Cicero, òǹkọ̀wé Róòmù àtijọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ibẹ̀ kò ní tó o, torí a kò ka odidi ojú ìwé kan pọ̀ rí. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni, ìdánwò ìparí sì jẹ́ kíkà lórí nìkan. Ẹ̀ka Classics ṣì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Lọ́yà tó bá sì ń wá ohun tí yóò fi dẹ́rù ba oníbàárà, kó tọ́jú ₦15,000 rẹ̀, Bàbá kò ní ìfaradà fún ìyẹn.

Wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ ìpele tuntun nígbà tí kọ́ọ̀tù bá wọlé padà láti ìsinmi ọlọ́dọọdún, aago méjì ọ̀sán. Ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gba ìdajì. Ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ tiyín lọ, kí ẹ mú bírò pupa dání fún àwọn àmì gígùn, kí ẹ sì ní kí wọ́n tètè kọ́ yín ní edo kó tó di ọjọ́ ìparí. Tí wọ́n bá ní kò sí ní kọ́ọ̀tù, ẹ ní Ìyá Ìbejì ló rán yín. Ará Kubwa ní tiwọn, kí wọ́n dìde kúrò ní kíláàsì ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀, torí ọkọ̀ kì í ṣeé rí ní Berger, níbi tí a ti ń wọkọ̀, tó bá ti di mẹ́fà, àwọn awakọ̀ tó bá sì wà á máa fowó lé e.